Bákan Náà, Ọ̀kan Náà

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè mí láti Ìpẹru,
akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n lórí fóònù:
"Ọmọ Ṣódèéndé, ètò tó o kọ fún wa
ti gbé ènìyàn kan mì."

Mo kúrò ní Ṣágámù kí ìrì tó gbẹ.
Níwájú ọ́fíìsì, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀,
ìyá méjì jókòó lórí bẹ́ńṣì kan,
agbòòrùn kan láàárín wọn.
Efúnróyè Ṣónúbi ni èkíní.
Efúnróyè Ṣónúbi ni èkejì.
Wọ́n bí wọn lọ́dún kan náà, lóṣù kan náà,
ọ̀kẹ́ méjì náírà ni olúkúlùkù fi pamọ́,
bẹ́ẹ̀ wọn ò bá ara wọn tan.

Ẹ̀bi mi ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ ọ́, iná fẹ́ lọ,
mo kánjú, mo sọ fún ẹ̀rọ pé
bí orúkọ bá dọ́gba, tí ọjọ́ orí dọ́gba, tí owó dọ́gba,
kó pa ìkejì rẹ́, àkọtúnkọ ni.
Ẹ̀rọ kì í jiyàn. Kò bi mí pé
ṣé ẹni méjì tó jọra ni,
àbí ẹnì kan tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá kejì, ẹni tí owó rẹ̀ rá, kò bínú.
Ó ní, "Kóńgò gàrí méjì, ìwọ̀n kan náà,
láti inú agbada kan náà,
mo ta ọ̀kan, mo gbé ọ̀kan sílé.
Bákan náà ni wọ́n.
Ṣé èyí tí mo tà ni n ó wá jẹ lálẹ́?"

Ojú tì mí. Mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí ẹsẹ̀ mi,
mo ní kí ẹ̀rọ má wo orúkọ mọ́, kó má wo owó,
kó wo ibi tí nǹkan wà gan-an nínú ìrántí rẹ̀,
kó wo ojúlé, kó fi ọ̀dà ara ilé sílẹ̀.
Ìyá méjì padà di méjì.
Àkọ̀wé ti ń pàtẹ́wọ́.
Mo pa á, mo tún un tàn,
mo pe èkíní jáde láti inú fáìlì:
ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.
Orúkọ pé, owó pé, kọ́bọ̀ kan ò dín,
àmọ́ ibi tuntun ló jókòó sí lọ́tẹ̀ yìí,
bí onílé tó ti àjò dé, tí ajá ilé ń gbó.

Akọ̀wé mí kanlẹ̀. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lo ìka."
Ìyá kejì na àtàǹpàkò rẹ̀:
ó ń dán, bí inú igbá tó ti gbó.
Ogójì ọdún lẹ́bàá agbada,
iná gàrí ti fá ìlà ọwọ́ rẹ̀ lọ.
Mo ní, "Mà, ìka yìí kò bá tinú ìwé dọ́gba."
Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀.
"Irun mi dúdú nígbà tí wọ́n kọ mí síwèé.
Eyín mi pé. Ọkọ mi wà láyé.
Kí ló wá kù tó dọ́gba?
Èmi náà ṣì ni."

A fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà,
ohun kékeré tí kì í hu ewú.
Wọ́n dìde. Ọ̀kan gbàgbé agbòòrùn,
èkejì ké sí i: "Efúnróyè!"
Ẹni tí wọ́n pè nìkan ló bojú wẹ̀yìn.

Mo délé, ilẹ̀ ti ṣú.
Ìyá mi pe Àníkẹ́ láti ilé ìdáná,
bàbá mi pe Olúfúnṣọ́ láti yàrá;
ẹsẹ̀ kan náà ni mo fi dìde.